Àlejò Tí Ó Gun Kẹ̀kẹ́ Bọ̀ Láti Ojú Ogun

Ìṣe kan ti di àṣà láàárín àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọn a kó ara wọn jọ, wọn a gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ìlú dé ìlú fún ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n lè fi wá owó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Help for Heroes, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn àjò yìí ní ọdún 2008, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ la àwọn pápá ogun àtijọ́ já ní ilẹ̀ Faransé. Ẹlòmíràn nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹlòmíràn kò ní ẹsẹ̀ rárá, ọwọ́ ni ó fi ń wa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ti fi hàn pé wọn kò kẹ́yìn. Ní ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Invictus ní ìlú Düsseldorf, ilẹ̀ Jámánì, Peacemaker Azuegbulam, ẹni tí ó pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lójú ogun ní ìhà àríwá ìlà oòrùn, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú irin gbígbé.

Ìbéèrè wa ni èyí: bí irú àwọn ẹlẹ́ṣin irin bẹ́ẹ̀ bá yà sí Èjìgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ta ni yóò gbà wọ́n sílé?

Èjìgbò tí à ń wí kì í ṣe ti Ògìyán ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà. Èjìgbò ti Èkó ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ìdí méjì ni a fi dárúkọ rẹ̀ ṣáájú ìlú mìíràn. Èkínní, ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí wọn, ni ibùdó tí a ń pè ní NAFRC wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìfẹ̀yìntì gan-an ni ìlú wọn wà.

Ìdí kejì wúwo ju èkínní lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfurufú ológun, Hercules C-130, gbéra ní Ìkẹjà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi dákẹ́, ó sì já sínú ẹrẹ̀ ní Èjìgbò. Ó ju àádọ́jọ ènìyàn lọ tí ó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gágun tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jàjí, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gánà àti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Ìgbà púpọ̀ ni àwọn opó wọn ti kígbe pé ìlérí tí a ṣe fún wọn kò ṣẹ tán. Ilẹ̀ tí ó mu ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wí pé ọ̀rọ̀ ológun kò kan òun.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òní ni gbèsè yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí Burma nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù la àfonífojì Kaladan já, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Kí ni a fi san án fún àwọn adúláwọ̀ tí ó jagun? Ní Thiaroye, ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ béèrè owó iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ Faransé, ìbọn ni a fi dá wọn lóhùn. Ní Àkúrá, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tí ó ti Burma dé ń mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá gómìnà láìmú ohun ìjà kankan lọ́wọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó yìnbọn lù wọ́n. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́púrà Attipoe àti Odartey Lamptey ṣubú, wọn kò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́ta yìí wà lára ohun tí ó mú kí òmìnira ilẹ̀ Gánà yá. Àwa tí a ń jẹ nínú èso òmìnira kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó ro oko náà. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò bínú sí wa. Wọn yóò ní, ṣé kì í ṣe àwọn ológun ni ó gbàjọba ní ọdún 1966, tí wọ́n tún padà gbà á ní 1983, tí wọ́n sì fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀? A kò gbàgbé, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n kọ́púrà tí ó sọ ẹsẹ̀ nù ní Bọ̀nọ́ kọ́ ni ó fagi lé ìbò. Kò tọ́ kí ewúrẹ́ jẹ iṣu kí a wá na àgùntàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣe ẹjọ́, kí ó bá wọn ṣe é ní gbangba. Kí ó má fi omi mímu du ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni ìtọ́jú ológun, pé bí àwa bá ń bọ́ wọn, a ń tú ìjọba sílẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, nítorí ojú wa ni ó ṣe nígbà tí àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá nítorí owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n. Ìdáhùn wa ni pé oúnjẹ àlejò kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì kì í sì í ṣe ìtọrẹ. Ẹ̀tọ́ ni èyí, ọ̀yàyà ni tọ̀hún. Ìlú tí ó bá gba ológun lálejò ní ojúmọmọ ni ẹnu rẹ̀ yóò gba ọ̀rọ̀ láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé: àwa ti ṣe tiwa, tiyín dà?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wí bí a ó ti ṣe é. Kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ lọ pàdé wọn lọ́nà Ìkòtún, nítorí dáńfó àti ọkọ̀ akẹ́rù kì í bọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́ṣin irin. Kí a fi omi tútù kí wọn kí a tó fi ọ̀rọ̀ kí wọn. Kí oúnjẹ wọn jẹ́ èyí tí ń fún ara lágbára: iyán tàbí ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja àti èso, kí ata má pọ̀. Kí yàrá tí ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ yóò sùn wà ní ìsàlẹ̀ ilé, kí ilé ìwẹ̀ má jìnnà, kí àpò ẹ̀fọn sì wà. Kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe jókòó tì wọ́n lálẹ́, kí ó wo táyà àti ṣéènì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí lógun. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ, wọn yóò sọ.

Kí àwọn aṣáájú má sì sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìpolongo. Owó tí a bá dá, kí a kà á lójú gbogbo ènìyàn, kí a kọ iye rẹ̀ sára pátákó, kí a sì fi lé olórí àwọn àlejò lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò.

Ohun kan ni ó kù. Bí àlejò bá jẹ́ òyìnbó, kò sí ẹni tí a ní láti bẹ̀ kí ó tó sáré jáde. Ṣùgbọ́n ológun àtijọ́ ń bẹ ní àdúgbò wa tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ibikíbi wá, tí ó kàn jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ni ìjọba ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí Èjìgbò pe òun náà wá síbi oúnjẹ, kí ó jókòó láàárín àwọn àlejò, kí a sì kọ́kọ́ bu tirẹ̀.