Bí Ọmọdé Bá Wà Nínú Mọ́tò, Òun Ni Yóò Sọ Ìgbà Tí A Ó Dúró

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gbé ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sí ìlú tí a kò dé rí láìpẹ́, nítorí ìgbéyàwó, wòlímọ̀ tàbí ọdún. Kí a tó di ẹrù, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè má dùn mọ́ gbogbo wa: oògùn kì í ṣe ohun tí a fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ lójú ọ̀nà.

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí máa ń wá sí ilé oògùn wa pé kí a fún àwọn ní èyí tí yóò jẹ́ kí ọmọ sùn títí àwọn yóò fi débẹ̀. Wọn kì í ṣe òbí burúkú. Ẹkún ọmọ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n oògùn kàtá tàbí oògùn èébì tí ń kunni lóorun, bíi promethazine, kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá, nítorí ó lè dí mímí rẹ̀ lọ́wọ́, kódà kí ó pa á. Ohun tí ó bani lẹ́rù jù ni pé ìyá tí ó gbé e lẹ́sẹ̀ yóò rò pé ó ń sùn ni.

Àwa náà ti ṣe àṣìṣe tiwa. A gbé àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin fún wòlímọ̀. Ìrìn bíi 160 kìlómítà ni. A kò fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n nítorí pé a kò fẹ́ pẹ́, a kò dúró ní Ọ̀yọ́, a kò dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́. Omi tí ọmọ mu kò tó. Nígbà tí a dé, ìyá àgbà onílé fi ìfẹ́ gbé wàrà tútù fún un, èyí tí ó ti wà nínú omi rẹ̀ láti àárọ̀. Ojú tì wá láti kọ̀. Lóru, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń ta ORS fún aráyé ti gbàgbé tiwa sílé, a kò sì mọ ilé oògùn kankan ní ìlú náà. Ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò tí ó jí de ìrun Asúbàá ni ó mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ṣí. Alhamdulillah, kó tó di ọ̀sán, ọmọ ti ń ṣeré.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, máa ń ké ìrun kúrú bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, kí ọkàn ìyá rẹ̀ má baà dàrú. Bí a bá lè ké ìrun kúrú nítorí ẹkún ọmọ, kí ló dé tí a kò lè dá mọ́tò dúró? Ọlọ́hun sọ rákà mẹ́rin di méjì fún arìnrìn-àjò. Àwa àgbà ń gba ìrọ̀rùn yìí tayọ̀tayọ̀, a sì ń fi ìrọ̀rùn du ọmọ tí kò lè sọ pé ó rẹ òun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tètè gbéra lẹ́yìn Asúbàá kí oòrùn tó mú. Ní bíi wákàtí méjì méjì, kí a yà sí mọ́sáláṣí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ọmọ rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, kí ó mu omi, kí a pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Kí ọṣẹ wà pẹ̀lú bútà. Omi àlùwàlá nìkan kò tó fún ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìdí ọmọ.

Kí ORS méjì àti sínkì wà nínú àpò. Ẹ ka ara ORS náà kí ẹ mọ iye omi tí a ó fi pò ó. Bí ó bá jẹ́ lítà kan, omi inú ọ̀rá 50cl méjì ni. Bí kò bá sí ORS, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní gígé, nínú lítà omi mímọ́ kan. Ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ti lé ní oṣù mẹ́fà yóò lo sínkì 20 miligíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má fún un ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá tọ̀, tàbí bí kò lè mu nǹkan, ilé ìwòsàn ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ lọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá padà délé.

Ní ti oúnjẹ àlejò, ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní kí a dákẹ́. "Ẹ ṣeun mà, ẹ jẹ́ kí á dín in fún un" kì í ṣe àrífín.

A sì bẹ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí wa: ẹ kọ ilé ìwòsàn àti ilé oògùn tí ó sún mọ́ yín sára pátákó ìkéde. Àlejò tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lóru kò mọ ẹnìkan, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n ti ń pe ìrun. Kí Ọlọ́hun mú wa lọ, kí Ó mú wa bọ̀. Àmín.