Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Fínlándì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù bákan náà: ẹ fi ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ jẹ ọ̀daràn níyà, ìlú yóò sì tòrò. Mo ta kò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kí ó yíjú sí àríwá Yúróòpù, níbi tí àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nǹkan bí ẹlẹ́wọ̀n 200 ni Fínlándì ní nínú ènìyàn 100,000. Ní Swídìn, Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì, nǹkan bí 50 ni. Àwọn onímọ̀ bí i Patrik Törnudd àti Inkeri Anttila, obìnrin tó di mínísítà ètò ìdájọ́ ní 1975, béèrè pé: èrè wo ni ẹ̀wọ̀n rẹpẹtẹ yìí mú wá? Ìjọba gbọ́ tiwọn. Wọ́n dín ìjìyà olè jíjà kù. Wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n tí ènìyàn kò ní ṣe àfi bí ó bá tún dá ọ̀ràn mìíràn. Láti àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ìlú láìgbowó rọ́pò ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n kúkúrú. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi parí, iye ẹlẹ́wọ̀n kò ju nǹkan bí 60 lọ.

Ǹjẹ́ ìlú dàrú? Rárá o. Láti 1950 sí 1990, ọ̀ràn tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bákan náà ni ó sì ṣe ń pọ̀. Bí ẹ̀wọ̀n bá jẹ́ oògùn ni, ó yẹ kí àìsàn Fínlándì le ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Àwọn alátakò yóò ní, "Swídìn ńkọ́?" Òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ń fi ìbọn pa ara wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò fi í bò? Brå ni, àjọ ìdènà ìwà ọ̀daràn tí ìjọba Swídìn fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1974. Ní 2021, ó fi Swídìn wé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn, ó sì sọ pé kò sí èyí tí tirẹ̀ gòkè tó bẹ́ẹ̀. Fínlándì, tí ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ kéré sí ti Swídìn, kò sí nínú irú wàhálà ìbọn bẹ́ẹ̀. Ọtí àmujù ni ó ń bí ọ̀pọ̀ ìpànìyàn tirẹ̀, ẹ̀wọ̀n kì í sì í wo ọtí sàn.

N kò sọ pé kí a má de apànìyàn mọ́lẹ̀. Irin tí a fi ń de nǹkan àti ilé ìjìyà, orúkọ kan náà, ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n ń jẹ́ ní èdè wa. Ìdè ni, ẹnikẹ́ni kò pè é ní ìwòsàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí a fi kún ọdún ẹ̀wọ̀n, ẹ bi í léèrè: ìwádìí wo ni ó kà? Ire o.