Kí Ẹ Tó Ra Káàdì Tuntun, Ẹ Bi Wọ́n Pé "Kí Lẹ Fi Mọ̀?"

1/
Ẹ̀yin tèmi tí ẹ ń gbá gémù lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ẹ jókòó, mo ní ọ̀rọ̀. Mo fi ₦130,000 ra káàdì tí n ò nílò. Gémù ò yéé há. Ohun tó wá tún un ṣe ò tó ₦40,000, àìsàn ọ̀hún sì kù díẹ̀ kó gbé iṣẹ́ ọdún méjì àǹtí mi lọ. Ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. 🧵

2/
Kọ̀ǹpútà náà rèé: désítọ́ọ̀pù, Core i5 ìran kẹrin (irú èyí tó jáde ní 2013), RAM 8 GB, hard disk 500 GB, GTX 1050 Ti. Màmá mi ló rà á fún wa, èmi àti àǹtí mi la jọ ń lò ó. Lọ́sàn-án, wọ́n á máa kọ iṣẹ́ ìwádìí másítà wọn. Lálẹ́, bí iná bá wà, GTA V ni tèmi.

3/
GTA V dé orí kọ̀ǹpútà láti 2015. Kì í ṣe gémù tuntun rárá. Àmọ́ bí mo bá ti wọ mọ́tò, tí mo tẹná sí i, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi, á sì tún fò síwájú lójijì. Bí akólòlò tó ń wá ọ̀rọ̀. Kí àwòrán tó padà, mo ti kọ lu òpó.

4/
Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n tan án, wọ́n ní: "Àbúrò, káàdì yìí ti kéré. Ayé ti kọjá ibẹ̀. GTX 1650 ni kó o gbà." Mo ní, "Ẹ ṣé sà." Èmi ọ̀gbẹ́ni! Owó lẹ́sìnnì tí mo fi oṣù márùn-ún kó jọ ni mo kà lé wọn lọ́wọ́.

5/
Mo délé, mo kì í bọ inú rẹ̀, mo wọ mọ́tò. Ó há. Ojú títì kan náà, kọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, omi bọ́ lójú mi.

6/
Èrò mi nìyí, bí ẹ ò bá ka ìyókù: ọ̀gá yẹn kì í ṣe olè. Mo rò pé wọ́n gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú lásán ni wọ́n fi wo ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀n. Èmi náà ò bi wọ́n, torí wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í já àgbà níyàn. Àmọ́ "kí lẹ fi mọ̀, sà?" kì í ṣe àfojúdi. Owó ẹ ló ń jáde.

7/
Ẹnì kan á ní, "Ṣebí FPS ẹ wà ní 50?" Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Bí àwòrán 60 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní bíi 16.7 ms. Ká ní 59 dé lásìkò, tí ẹyọ kan ṣoṣo wá gba 200 ms. Ìpíndọ́gba á ṣì máa pè é ní 50. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àmọ́ ojú ẹ rí i pé ó há.

8/
Ẹ wo èèyàn méjì tó ń gún iyán. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n gún un. Àmọ́ kí ọ̀kan ṣi ọmọ odó sọ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo agboolé á gbọ́. Frametime lẹ gbọ́dọ̀ wò, ẹ fi FPS sílẹ̀.

9/
MSI Afterburner àti RivaTuner máa fi ìlà frametime hàn yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé iṣẹ́ káàdì, ooru CPU àti RAM sójú kan náà. Ẹ ṣí Task Manager sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá gbá gémù fún bí ìṣẹ́jú ogún níbi tó ti máa ń há gan-an.

10/
Bí káàdì bá wà ní 99% ṣáá, tí àwòrán kàn ń lọ́ra ṣùgbọ́n tí ìlà náà dọ́gba, káàdì ló rẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ káàdì bá ń já wálẹ̀ nígbà tó ń há, a jẹ́ pé káàdì ń dúró de ẹlòmíràn ni. Tèmi ń já wálẹ̀. Káàdì ₦130,000 jókòó, ó ń retí oúnjẹ.

11/
Àkọ́kọ́: ooru. CPU mi wà ní 97°C! Bí irú rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ 100°C, á dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Mo ṣí i: eruku ọyẹ́ ti di òwú sára fáànù, thermal paste ti gbẹ. Mo yọ wáyà iná, mo di fáànù mú kó má yí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, mo fi paste ₦2,500 sí i. Ó já sí 71°C. Èyí tó máa ń há lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ti inú mọ́tò ṣì wà.

12/
Ìkejì: RAM. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú tèmi. Ẹyọ méjì tó bára mu, tí ẹ fi sí ihò tó yẹ, máa sọ ọ̀nà di méjì. Ọmọ odó méjì nínú odó kan. N ò rà á o! Mo yá ẹyọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi dán an wò. Ó sàn díẹ̀. Ti inú mọ́tò ṣì wà.

13/
Ìkẹta ni mo ti rí ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá há, Task Manager ń sọ pé dísìkì wà ní 100%. Bí ẹ ṣe ń wa mọ́tò nínú GTA V ni gémù ń kó ìlú tó wà níwájú yín jáde látinú dísìkì. Ẹ rò ó bí ìyá olóńjẹ tí ìkòkò rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé: bí èrò bá pọ̀, ẹ ó dúró ni. Kò sí bí abọ́ ṣe lè tóbi tó tó máa yanjú ẹ̀.

14/
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo fi CrystalDiskInfo yẹ dísìkì náà wò. Ó pọ́n rúsúrúsú: "Caution". Àwọn ojú ibì kan lórí rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì ń kó ẹrù kúrò níbẹ̀ sí ibòmíràn. Dísìkì yẹn kò kàn lọ́ra, ó ń kú lọ.

15/
Iṣẹ́ ìwádìí àǹtí mi wà lórí ẹ̀. Ọdún méjì. Kò sí ẹ̀dà níbòmíràn.
Mo pè wọ́n: "Àǹtí mi, ẹ mú fláàṣì bọ̀, ẹ má bi mí ní nǹkan kan."
A kó fáìlì di òwúrọ̀. Méjì ò ṣí mọ́, a dúpẹ́ pé wọ́n ní èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, kò sì jí mọ́.
Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gémù ẹ ló gbà mí là."

16/
A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá. Ohun tí mo fi ₦130,000 ṣe nìyẹn.
Mo ra SSD ₦36,000. Ojú títì kan náà, kọ̀rọ̀ kan náà: ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo wá dá 1050 Ti padà láti fi dán an wò. Ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ! Mo ta káàdì tuntun ní ₦95,000. ₦35,000 tó lọ yẹn, owó SSD kejì ni.

17/
Kí n má parọ́: kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yín ń fà. Nígbà tí Elden Ring jáde ní 2022, àwọn tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá náà pariwo pé ó ń há. Bí nǹkan bá há nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ rí i, tí kò há nígbà kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gémù ló ń ṣe shader rẹ̀ lọ́wọ́. Bí frametime bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀tá ń fò kiri, ẹ bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà.

18/
Àgbà náà sì ń dé sí ẹ̀rọ. Bí CPU bá wà ní 100% nínú gémù tuntun, ẹ dín sẹ́tínǹgì kù, ẹ so FPS mọ́ 30. Ọgbọ̀n tó dúró ṣinṣin sàn ju ọgọ́ta tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

19/
Bí mo bá tún un ṣe lónìí:
– Màá kọ́kọ́ kó fáìlì pamọ́
– Màá wọn ẹ̀
– Màá nu eruku, màá pa bráwúsà, màá yọ Windows kúrò lórí Power saver
– Màá yá ẹ̀yà ara dán wò
– Ìgbà yẹn ni màá tó fọwọ́ kan owó

20/
Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn pé "ra tuntun jàre, bí o ò lówó, fi gémù sílẹ̀": owó oṣù márùn-ún ẹnì kan lẹ fi ń ṣeré yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ bi í pé kí ni ìlà ẹ̀ ń sọ.
Ẹ ya frametime yín, ẹ fi sísàlẹ̀ ibí. Ká jọ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó náwó.