Wọ́n Fi Iná Pa Oyin Tán, Wọ́n Wá Ń Bú Olóyin

Kò sí àwo ìsọmọlórúkọ tó pé nílẹ̀ Yewa bí oyin kò bá sí níbẹ̀. Láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, oyin ni àwọn àgbà fi ń wúre kí ayé ọmọ tuntun lè dùn. Òun náà ni ìyá àgbà máa ń wá nígbà tí ikọ́ bá ń da ènìyàn láàmú. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan bi ẹni tó gbé àwo wá léèrè ibi tí oyin náà ti wá, èsì tí yóò gbọ́ kò ju pé, "Ojú títì la ti rà á, a ò mọ̀ bóyá ojúlówó ni." Lẹ́yìn èyí ni èébú yóò bẹ̀rẹ̀: olóyin ti di olè, ṣúgà ni wọ́n ń sè tà fún ènìyàn, ayé ti bàjẹ́.

Èébú náà kò ṣàì nídìí. Lóòótọ́ ni àwọn kan ń se ṣúgà títí yóò fi pọ́n, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, tí wọ́n sì ń ju ègé afárá kan sí i kí ó lè jọ ti gidi. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò parí sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ìlú tó bá ń fi iná pa kòkòrò oyin lọ́dọọdún kò ní ẹnu láti fi ké pé oyin gidi ti di ọ̀wọ́n. Ibi tí ojúlówó bá ti ṣọ̀wọ́n ni ayédèrú ti ń rí àga jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń kó oyin nínú igbó kò ṣàjèjì sí ọmọ Yewa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó rí oyin nínú ihò igi yóò di ìtùfù, yóò tanná ràn án, yóò sì tì í bọ inú ihò náà. Àwọn kòkòrò tó jáde wá gbèjà ilé wọn yóò jóná. Ìyá oyin, ẹyọ kan ṣoṣo tó ń yé ẹyin fún gbogbo agbo, yóò bá wọn lọ. Afárá tó ní oyin àti afárá tó ní ọmọ, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tó ń kánjú. Yóò fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí oyin bẹ́ẹ̀ fi ń dúdú, tó ń rùn èéfín, tí kì í sì í pẹ́ kan. Bí iná bá wá ta sórí koríko gbígbẹ nínú ọyẹ́, oko kaṣú aládùúgbò lè bá a lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ará ìgboro pàápàá kò mọ́wọ́ dúró: bí agbo oyin bá bà sórí igi máńgòrò, bẹntiróòlù ni wọ́n ń wá kiri.

Òfò tó tóbi jù kò sí nínú ìgò rárá. Inú oko ló wà. Ìtàkùn ẹ̀gúsí tí àgbẹ̀ ń gbìn a máa yọ òdòdó akọ lọ́tọ̀, a sì máa yọ òdòdó abo lọ́tọ̀. Kòkòrò ló gbọ́dọ̀ gbé ìyẹ̀fun inú akọ dé ara abo kí bàrà tó lè so, oyin sì wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù. Afẹ́fẹ́ kò lè bá a ṣe é. Kaṣú náà ń jẹ nínú oore oyin. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó sun oyin nínú oṣù Èrèlé, tó wá ń bú ilẹ̀ oko rẹ̀ nígbà òjò pé kò lọ́ràá mọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ ro ohun tí ìtùfù rẹ̀ ṣe.

Àwọn kan yóò ní, "Bí bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn." Wọn yóò sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ìfaradà ló ń kọ́ni. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sun ohun tó wà nínú àpáta. Nígbà ayé àwọn bàbá, igbó pọ̀ ju ènìyàn lọ. Lónìí, oko, gẹdú, èédú àti ilé tuntun ti jẹ púpọ̀ nínú igbó náà run. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo àgbà ló fi iná wá oyin. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìkòkò amọ̀, agbọ̀n àti ìtì igi oníhò ni wọ́n ń gbé sórí igi kí oyin lè wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé bàbá, kó yan ìṣe bàbá tó ṣì wúlò.

Ohun tó lè rọ́pò ìtùfù kò jìnnà. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe irú àpótí oyin kan jáde ní Kẹ́ńyà tí káfíńtà èyíkéyìí ní Ìlaró lè kàn: àpótí gígùn, tí ìdí rẹ̀ fún ju ẹnu rẹ̀ lọ, tí wọ́n to ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí lórí. Fífẹ̀ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 32, kí oyin lè mọ afárá kan sára ọ̀pá kan. Wọn a fi ìda kun abẹ́ ọ̀pá náà. Òórùn rẹ̀ ni yóò pe agbo tó ń wá ilé. Nígbà tí oyin bá tó kó, ẹni tó ni àpótí yóò wọ aṣọ tó nípọn, ìbọ̀wọ́ àti àwọ̀n ìbojú. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò fẹ́ èéfín díẹ̀ sí i, yóò máa yọ ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan, afárá tí oyin ti fi ìda dé nìkan ni yóò sì gé. Ìdérí yẹn ni àmì pé oyin ti gbó, pé omi inú rẹ̀ ti dín kù. Afárá tó ní ọmọ yóò padà sáyè rẹ̀, díẹ̀ nínú oyin yóò sì ṣẹ́kù fún àwọn tó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ènìyàn sọ ọ́ di òwò. Àwọn tó ń pariwo pé oyin yóò sọ gbogbo ọ̀dọ́ di olówó ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì tàbí télọ̀ tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìlú, àpótí méjì ti tó o: oyin fún ilé, ẹ̀bùn fún àna, ìgbádùn fún ọkàn.

Ẹ̀rù oyin kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Oyin ilẹ̀ yìí a máa tètè bínú, oró rẹ̀ sì lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìnkùlé kò fi gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí àárín agbolé. Àdúgbò tí ilé ti fara kan ilé kì í ṣe ibi àpótí oyin. Etí oko ló yẹ ẹ́, níbi tí igi tàbí odi wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀nà, tí kò sì sí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú oyin kì í ṣe àwáwí fún iná. Ní 1956, onímọ̀ kan, Warwick Kerr, kó oyin láti Áfíríkà lọ sí Brazil. Ní 1957, àwọn agbo kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì tàn ká. Jìnnìjìnnì bá àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn olóyin ibẹ̀ gbé àpótí jìnnà sílé, wọ́n sì kọ́ ìwà àlejò náà. Lónìí, Brazil ń ta oyin sókè òkun láti ara irú ọmọ àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn. Ohun tí ẹni tó gba àlejò lè kọ́, kí ló dé tí onílé kò fi lè kọ́ ọ?

Bí àpótí bá pọ̀, àríyànjiyàn lórí ìgò yóò dín kù. Ìṣáná tí wọ́n ń ti bọ oyin kí wọ́n tó ṣá a, omi tí wọ́n ń kán an sí, èèrà tí wọ́n ń dúró wò, kò sí èyí tó dájú nínú wọn. Bí oyin bá dì nínú ìgò, ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ojúlówó náà a máa dì. Ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí ènìyàn mọ ẹni tó gé afárá. Ojúlówó pàápàá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ gbé e mì, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ìkókó kò lè bá jà. Nígbà ìsọmọlórúkọ, ètè ìyá ni kí wọ́n fi kàn.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ayétòrò. Ìmọ̀ kò jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn ọba àti baálẹ̀ ló kù kí wọ́n dìde, kí wọ́n fòfin de ìtùfù lórí oyin kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó wọlé. Kí wọ́n sì bá àwọn ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ sọ ọ́, nítorí ààlà tí òyìnbó fà ní 1889 kò ká oyin lọ́wọ́ kò. Nígbà tí ìjọba ti ibodè ní oṣù Ògún 2019, ìrẹsì ni wọ́n ń dá dúró. Oyin ń lọ, ó ń bọ̀. Iná tí wọ́n dá níhìn-ín ń jó oúnjẹ lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá sì kọ̀ láti sọ ìtùfù sílẹ̀, kó dákẹ́ èébú. Ṣúgà tó wà nínú ìgò olóyin, òun náà wà nínú àwọn tó sè é.