Àsíá Orílẹ̀-èdè Nínú Ilé Wa

Bí ọjọ́ Kìíní oṣù Kẹwàá bá ti ń súnmọ́lé, aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun a máa kún ọjà. Òbí á dá aṣọ jọ, àwọn ọmọ á mú àsíá pélébé dání lọ sí ilé-ìwé. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, inú gọ́tà ni a ti ń rí púpọ̀ nínú àwọn àsíá náà.

Àsíá yìí kò jìnnà sí àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rárá. Ìbàdàn ni a bí olóògbé Michael Táíwò Akínkúnmi tó yà á, bí ìdílé rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ará Òwu ní Abẹ́òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé a ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Oòrùn pupa wà láàárín funfun nínú èyí tó fi ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ yọ oòrùn náà kúrò, wọ́n sì fún un ní £100. Nígbà tó padà wálé, ó ṣe iṣẹ́ ọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún 78 ni kí ìjọba àpapọ̀ tó fi oyè OFR dá a lọ́lá ní ọdún 2014. Ó papòdà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ọdún 2024 ni a tó sin ín, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ló sì gbé ìnáwó rẹ̀. Ó pẹ́ jù, àní fún ẹni tí kò ṣe ju ìdajì ohun tí bàbá yìí ṣe lọ.

Ìtàn yìí ló yẹ kí ọmọ gbọ́ nílé kí ó tó gba àsíá dání. Àǹfààní mìíràn tún wà báyìí: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 tí orin orílẹ̀-èdè ti àkọ́kọ́ ti padà, orin tí ọmọ ń kọ́ ní ilé-ìwé ni ìyá àgbà kọ ní kékeré, kí wọ́n tó pa á tì ní 1978. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kọ́ wọn.

Ní ti aṣọ náà fúnra rẹ̀, òfin kò fàyè gba kí a ta àsíá tó ti ya tàbí tó ti bàjẹ́. Síbẹ̀, a ń rí èyí tí oòrùn ti pa láró lórí òpó níwájú àwọn ọ́fíìsì ìjọba kan, tí ewé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Kí ni a fẹ́ wí fún ọmọ tó bá bèèrè? Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pààrọ̀ wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ilé, bí ayẹyẹ bá parí, ẹ ká àsíá náà dáadáa, kí ẹ sì fi í sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ òkè.