Owó Tí Wọ́n Gé Létí

Ojú ni mo kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣìnà.

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì jọ lọ sí British Museum láti wo ìṣúra Hoxne. Owó fàdákà ayé Róòmù tó wà nínú rẹ̀ lé ní 14,000. Eric Lawes ló rí i nínú oko kan ní Suffolk lọ́dún 1992, níbi tó ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá òòlù tó sọnù. (Wọ́n rí òòlù náà o, mùsíọ́mù ló wà báyìí.)

Lálẹ́, bí a ti ń wo àwòrán irú owó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ọba wo nìyí?" Ẹnu ti ń yún mi tẹ́lẹ̀. "Honorius ni. Ẹ wo ojú rẹ̀."

Wọ́n ṣí àwòrán mìíràn. Ojú kan náà ni!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lórí owó fàdákà ìgbà náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní siliqua, ojú oyè ni wọ́n ń yà, kì í ṣe ojú ènìyàn: ọba kọjú sí ọ̀tún, ó de ọ̀já ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rí. Lẹ́tà ló ń dárúkọ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lápá òsì ni kí ẹ ti máa kà á yípo: DN, èyíinì ni "Olúwa wa", kí orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ yí owó náà padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. TRPS ń sọ pé Trier, ní Jámánì òde òní, ni wọ́n ti rọ ọ́. MDPS, Milan ni. PS fi hàn pé fàdákà tí a yọ́ mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ní Bìrìtéènì, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, wọ́n a máa gé etí owó wọ̀nyí kí wọ́n lè kó fàdákà rẹ̀ jọ. Wọn kì í sábà fọwọ́ kan ojú ọba. Ọgbọ́n ni, lójú tèmi, kí owó náà lè ṣeé ná síbẹ̀. Orúkọ ló ń bá etí lọ. Bó bá ṣe IVS nìkan ló kù, wàhálà dé: Arcadius, Honorius, àti Theodosius baba wọn, IVS ló parí orúkọ gbogbo wọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ "igba" láìfi àmì sí i, tó wá ní kí n sọ bóyá igbá ni tàbí ìgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ àwòrán àkọ́kọ́ lójú. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló kù létí rẹ̀: ADI. Arcadius ni, ẹ̀gbọ́n Honorius.

"O ò rí i," ni wọ́n wí, tẹ̀ríntẹ̀rín, "ẹ̀gbọ́n lo pè ní àbúrò yẹn."