Gateway United: Ṣé Ife-Ẹ̀yẹ Líìgì Ti Sún Mọ́ Abẹ́òkúta?

Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ilé tí ó tíì gba ife-ẹ̀yẹ líìgì àgbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà rí. Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lẹ́nu, nítorí pé orúkọ ìlú náà kò ṣàjèjì nínú ìtàn bọ́ọ̀lù, orúkọ ọmọ Ẹ̀gbá tó náwó sí eré ìdárayá jù lọ ni wọ́n sì fi pe pápá ìṣeré tó wà ní Kútọ̀. Síbẹ̀, bí Gateway United bá ti borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta léraléra, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu àwọn alátìlẹyìn láti Láfẹ́ńwá dé Pańṣẹ́kẹ́: iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọdún kan tàbí méjì ló kù kí ife wọ ìlú.

Iṣẹ́ kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹgbẹ́ náà, tí ó jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìfi ẹsẹ̀ kan líìgì àgbà tí ó ti wà rí. Ìpele kejì ni ó ti ń jà. Ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni ó ń gòkè láti ibẹ̀ lọ́dún, ẹgbẹ́ mẹ́rin náà ni ó sì ń já wálẹ̀ nínú ogún tó wà lókè. Ẹni tó bá gòkè kò tíì dé ibi kankan. Sporting Lagos gòkè ní 2023 pẹ̀lú ariwo, aṣọ tó rẹwà, àti ọ̀pọ̀ èrò ní pápá; ní 2024, ó ti padà sí ibi tó ti wá. Bí Gateway United bá gòkè lọ́la, ohun àkọ́kọ́ tí yóò dojú kọ ni bí kò ṣe ní já. Ọ̀rọ̀ ife jìnnà sí èyí.

Àwọn àgbà tó ń sọ pé Abẹ́òkúta ti ṣe é rí kò purọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí Olóyè Moshood Abíọ́lá tó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1988, ó ti ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, Abiola Babes, tí ó ń jẹ́ orúkọ Abẹ́òkúta káàkiri. Ẹgbẹ́ náà gba ife Challenge Cup ní 1985, ó sì tún un gbà ní 1987. Rashidi Yekini, tí yóò wá jẹ góólù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1994, wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún un lẹ́yìn tí ó kúrò ní Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ìbàdàn kan náà ni Leventis United, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni mìíràn, ti ń bá a figa gbága. Leventis ló gba Challenge Cup ní 1984 àti 1986, tí ó sì fi líìgì kún un ní 1986. Ìgbà alárinrin ni fún ilẹ̀ Yorùbá.

Níbo ni ẹgbẹ́ méjèèjì wà lónìí? Yekini kọjá lọ sí Africa Sports ní Abidjan ní 1987, ọdún tí Abiola Babes gba ife kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fi pòórá. Ẹnìkan ló gbé e dìde. Nígbà tí ẹni náà kò gbé e mọ́, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, kò sí ẹgbẹ́ alátìlẹyìn tó lágbára tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Leventis náà lọ bẹ́ẹ̀. Ife méjì tí Abẹ́òkúta gbà jẹ́ ohun ìyangàn, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ ìlú, ṣùgbọ́n wọn kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ mìíràn lè kọ́lé lé lórí.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn yìí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Challenge Cup ni Abiola Babes gbà, kì í ṣe líìgì. Ìdíje ajámọ́-bá-a-lọ ni ìyẹn: ẹni tí a bá ṣẹ́gun ń lọ sílé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀ ló sì gbé èèyàn dé òpin. Ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe é. Ní 2025, Abakaliki FC láti ìpele kejì dé àṣekágbá ìdíje náà, tí orúkọ rẹ̀ ti di President Federation Cup báyìí, kí Kwara United tó gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé Gateway United lè gba ife yẹn ní ọdún tó ń bọ̀, kò sọ òmùgọ̀ ọ̀rọ̀. Oríire lè ṣe é. Àmọ́ líìgì jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìdínlógójì, láti Maiduguri dé Port Harcourt, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò ojú pópó tó ń gba odidi ọjọ́ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní líìgì Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ń borí nílé. Àmì ayò tí a bá rí kó bọ̀ láti ìta ni ó ń ya ẹni tó fẹ́ gba ife sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń sá fún jíjá, owó oṣù tó bá dé lásìkò àti ara tó bá sinmi ló sì ń mú un wá. Oríire kì í dúró ti èèyàn fún ìgbà méjìdínlógójì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìsúnmọ́ ṣe rí gan-an kò nílò láti rìnnà jìnnà. Ìkẹ́nnẹ́ wà nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Ní 2004 ni Kunle Soname dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní FC Dender. Ní 2010 ni orúkọ rẹ̀ di Remo Stars. Ó gòkè sí líìgì àgbà fún sáà 2017, ó sì já. Ó tún gòkè fún sáà 2019, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kẹta fún sáà 2021/22, ó sì ṣe ipò kẹta. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ipò kejì lẹ́yìn Enyimba. Ọdún tó tún tẹ̀ lé e, ipò kejì náà ni, lẹ́yìn Rangers. Ní oṣù kẹrin 2025 ni ife tó wá bọ́ sí i lọ́wọ́ lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ògúnmódẹdé, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù yóò gbà á láti 2000, tí Julius Berger ti Èkó gbà á.

Kẹta, kejì, kejì, kìíní. Ìtẹ̀léra yìí ni ó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi agbára owó ọdún kan ṣe é. Pápá tiwọn ni wọ́n kọ́, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Beyond Limits sílẹ̀ láti máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó ni ẹgbẹ́ kò sì tú u ká nígbà tí ó já lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aláró Ìtòkú mọ̀ pé aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan kì í dú. Wọ́n á rì í, wọ́n á sá a sí atẹ́gùn, wọ́n á tún un rì. Ohunkóhun tó bá sì dé bá Remo Stars lẹ́yìn ife náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ kò yí padà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ní Kútọ̀ gan-an, Remo Stars gba Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà lálejò nínú ìdíje Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Ayò márùn-ún sí ẹyọ kan ni àlejò fi lù wọ́n. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá wà ní pápá lọ́jọ́ náà rí ohun méjì pọ̀: ẹgbẹ́ aládùúgbò tí ó ga ju ti ìlú rẹ̀ lọ fíìfíì, àti ẹgbẹ́ àjèjì tí ó ga ju ti aládùúgbò lọ bákan náà. Bí ẹni tó gba ife Nàìjíríà bá ṣì ní irú ọ̀nà yẹn láti rìn, kí ni kí ẹni tó wà ní ìpele kejì máa sọ?

Àṣìṣe kíka ìsúnmọ́ pẹ̀lú èsì ọjọ́ kan kì í ṣe ti Abẹ́òkúta nìkan. Ní oṣù keje 2021, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, D'Tigers, borí Amẹ́ríkà ní Las Vegas, 90 sí 87. Ìròyìn náà gba ayé kan. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní oṣù náà gan-an, Australia lù wọ́n, Jámánì lù wọ́n, Ítálì lù wọ́n, wọ́n sì padà sílé láìborí lẹ́ẹ̀kan. Kí ọdún náà tó parí, Uganda ti lé wọn kúrò nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Kigali. Las Vegas kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ ọjọ́ kan ni.

Kí ni Gateway United wá nílò? Pápá kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Wọ́n tún ti Kútọ̀ ṣe fún Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè tí Ògùn gbàlejò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Owó pàápàá kọ́ ni ó ṣòro jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ìjọba ń mí pẹ̀lú ìjọba. Bí gómìnà bá yí padà, alága ẹgbẹ́ á yí padà, akọ́nimọ̀ọ́gbá á tẹ̀ lé e, àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun á dé pẹ̀lú ẹni tó mú wọn wá. Báyìí ni nǹkan ṣe ń rí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́rin tí Remo Stars fi lọ láti ipò kẹta dé ìkíní jẹ́ odindi sáà gómìnà kan. Ẹgbẹ́ tó bá ń tún ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní gbogbo sáà kò ní rí ọdún mẹ́rin yẹn kà láé.

Ohun tó yẹ kí àwọn alátìlẹyìn máa béèrè ní Kútọ̀ báyìí kéré ju ife lọ, ó sì le ju ife lọ: ìgbìmọ̀ tí sáà rẹ̀ kò bá ti gómìnà dópin, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọn kò ní lé lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí àwọn ọmọ ìlú lè tọ́ka sí, àti ipò kẹwàá ní líìgì àgbà fún ọdún mẹ́ta léraléra. Ipò kẹwàá kò dùn ún fi kọrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ibẹ̀ tí kò sì kúrò níbẹ̀ ni ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ipò kẹta.

Ọjọ́ kan sì wà tí gbogbo ènìyàn lè máa wò. Ní 29 oṣù karùn-ún 2027 ni sáà kejì Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún yóò parí. Bí oṣù kẹfà bá dé, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, tí ìdajì àwọn agbábọ́ọ̀lù tó parí sáà náà ṣì ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́, nígbà náà ni ìwọ̀n ọdún tó kù yóò ṣeé bẹ̀rẹ̀ sí í kà.